Ibi Tí Olùwòran Dúró Sí

Ẹ bi ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì ní Mowe pé ta ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí lójú tirẹ̀. Kò ní dárúkọ èèyàn. CorelDRAW ni yóò pè, tàbí Photoshop, tàbí Canva tí gbogbo wọn ń lò lórí fóònù báyìí. Bí ẹ bá rin kinkin mọ́ ọn, ó lè dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Mi ò bá wọn jà sí i. Irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun, irinṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu. Àmọ́ ó máa ń ká mi lára, torí iṣẹ́ àwọn àgbà tó ṣáájú wa kò jìnnà sí wa rárá. Ti ẹnìkan nínú wọn ń fẹ́ lórí ọ̀pá níwájú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti Owódé dé Ifọ̀, àwọn ọmọ ń kí i láràárọ̀, wọn ò mọ orúkọ ẹni tó yà á.

Láti ìgbà búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí ẹ̀rọ tó ń tẹ flẹ́ẹ̀sì tó dé, kí gbogbo ìkóríta tó ní tiẹ̀. Ohun tí mo fi ń dá iṣẹ́ àgbà mọ̀ kì í ṣe ẹwà. Ẹwà pọ̀ nílẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kún fún un. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà mọ ibi tí olùwòran yóò dúró sí. Ṣé yóò jókòó tì í ni, àbí yóò sáré kọjá? Ṣé ọwọ́ ni yóò gbé e lé, àbí yóò gbójú sókè wò ó? Báwo ni àsìkò tó ní ṣe gùn tó? Ẹni tó bá mọ èyí, iṣẹ́ rẹ̀ á dá yàtọ̀ láìjẹ́ pé ó ń wá ìyàtọ̀ kiri.

Ẹ wo Lemi Ghariokwu, ayàwòrán páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ni. Ìtàn tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ni pé akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí àwòrán Bruce Lee tí òun yà, tí wọ́n gbé kọ́ sí ilé ọtí kan ládùúgbò, ló bá mú òun lọ sọ́dọ̀ Fẹlá Kútì, olórin Afrobeat. Fẹlá wo àwòrán tó gbé wá, ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì 120 náírà fún un. Ọmọkùnrin náà ò gba owó. Fẹlá wá fún un ní ìwé àṣẹ pé kó máa wọ ibi eré òun lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí kò gbà yẹn ló fi ra ìjókòó iwájú. Ó ń gbọ́ orin kí ó tó di rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ń gbọ́ àríyànjiyàn ilé náà, ó ń rí ọlọ́pàá tó ń wọlé tó ń jáde. Ó tó páálí rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣe fún Fẹlá.

Alagbon Close, tó jáde ní 1974, ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní i nílé, ẹ gbé e sílẹ̀ kí a jọ wò ó. Fẹlá wà láàárín, ó ń jó, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ti já. Ilé tirẹ̀ wà lápá kan, ó dúró digbí. Ẹ̀wọ̀n Alágbọn wà lápá kejì, ògiri rẹ̀ ti fọ́. Nínú omi, ẹja àbùùbùtán kan ti da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Ẹja yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Kò sí àbùùbùtán nínú ọ̀sà Èkó. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló fi í sí i, torí ó mọ̀ pé ẹni tó ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà yóò wá nǹkan wò.

Bẹ́ẹ̀ ni, yóò wá nǹkan wò. Orin Fẹlá kì í ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orin kan ṣoṣo lè gba ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan tán, ó sì lè kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá dáadáa. Kí Fẹlá tó la ẹnu, fèrè àti gìtá á ti ṣe tiwọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ gramafóònù, páálí náà ló wà lórí itan rẹ̀, ìwọ̀n ínǹṣì méjìlá ní ìbú àti òòró. Ojú rẹ̀ á máa rìn lórí rẹ̀ bí etí rẹ̀ ti ń gbọ́. Lemi mọ̀ pé òun ní olùwòran tí kò níbi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè kó èèyàn, ilé, omi, ìjà àti ọ̀rọ̀ kíkọ jọ sórí ohun kan náà, tó sì tún máa ń kọ àlàyé tirẹ̀ sẹ́yìn páálí. Nínú Beasts of No Nation, tó jáde ní 1989, ó fi ìwo sórí Thatcher, Reagan àti Botha ti South Africa. Èèyàn lè wo páálí yẹn lákọ̀ọ́kọ́ kó rín, kó wò ó lẹ́ẹ̀kejì kó má rín mọ́.

Ṣùgbọ́n kò sọ kíkó-nǹkan-jọ di òfin. Zombie ti 1976 ń kọ́? Fọ́tò ṣọ́jà ló gé, tó lẹ̀ mọ́ra, tó fi Fẹlá sí iwájú wọn. Ìwọ̀nba nǹkan ló wà níbẹ̀, ó sì le bí orin náà ti le. Nínú gbogbo páálí wọ̀nyẹn, òmíràn wà tó kún jù fún mi, tí ojú mi ò mọ ibi tí yóò bà lé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jà lórí èyí. Kò burú. Alagbon Close àti Zombie ni mo máa ń gbé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, torí ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, àwọn méjèèjì ò sì jọra.

Bàbá Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n ya àsíá Nàìjíríà, gba òdìkejì ọ̀nà kíkó-nǹkan-jọ. Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí ní 1936, ṣùgbọ́n ọmọ Òwu Abẹ́òkúta ni ìdílé wọn, nítorí náà ará wa ni wọ́n. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Norwood Technical College, ni wọ́n ti rí ìkéde pé Nàìjíríà ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún òun. Wọ́n ya àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, wọ́n sì fi oòrùn pupa tó ń tan ìtànṣán sí àárín funfun. Ìgbìmọ̀ tó ṣe ìdájọ́ mú un, wọ́n yọ oòrùn kúrò. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni wọ́n fún Bàbá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, wọ́n fa àsíá náà sókè.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ba iṣẹ́ Bàbá jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ dúró nídìí ọ̀pá àsíá lọ́sàn-án tí atẹ́gùn ò fẹ́. Aṣọ náà á rọ̀ jọwọrọ, á ká mọ́ra. Oòrùn tó ní ìtànṣán á ti ká sí méjì tàbí mẹ́rin, yóò kàn dà bí àbààwọ́n pupa. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí aṣọ náà ká tó, ewé á hàn, funfun á hàn, ẹ ó sì mọ orílẹ̀-èdè tó ni ín. Àsíá ní ojú méjì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀; tiwa ò ní òsì tàbí ọ̀tún tí yóò yí padà. Ọmọ ọdún márùn-ún lè yà á, télọ̀ inú ọjà lè rán an láìwọn nǹkan púpọ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn ran Bàbá lọ́wọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí à ń rántí pẹ̀lú Bàbá. Iṣẹ́ gíráfíìkì tó dára púpọ̀ ni ẹlòmíràn ti fọwọ́ kàn.

Ohun tó dùn mí ni ìyókù ìtàn náà. Bàbá padà sílé, wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1994, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí wọn. Wọ́n kun ilé wọn ní ewé àti funfun. 2014 ni ìjọba tó fi oyè OFR dá wọn lọ́lá, wọ́n sì jáde láyé ní oṣù kẹjọ 2023. Lemi kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ibo ni èèyàn fẹ́ kọ orúkọ sí lára àsíá?

Ẹnìkẹta tí mo fẹ́ dárúkọ, Erhabor Emokpae, ọmọ Benin ni, wọ́n bí i ní 1934, ó kú ní 1984. Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà Lintas ló ti ṣiṣẹ́, ó sì hàn lára ohun tó ṣe. Òun ló ya àmì FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣe ní Èkó láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní sí ọjọ́ kejìlá oṣù kejì 1977. Ojú Ìyá Ọba Idia ni, láti ara ère eyín erin tó wà ní British Museum. Ìjọba wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá wa ní ère náà fún àjọ̀dún, wọ́n kọ̀. Ère yẹn ò tóbi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 ni gíga rẹ̀, ọnà wínníwínní ló kún ara rẹ̀. Emokpae ní láti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n lè tẹ̀ sórí sítáǹbù, sórí aṣọ ìró, sórí pósítà, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sára ilé ńlá. Ó ṣe é. Ère gan-an wà ní Lọ́ńdọ̀nù nínú gíláàsì, ojú Idia wà ní gbogbo Èkó. Títí di òní, ẹ̀yin tó ti pé àádọ́ta ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá ní FESTAC, ṣé kì í ṣe ojú yẹn ló ń wá sí yín lọ́kàn?

Àwọn tó ń kọ ìwé nípa iṣẹ́ yìí lókè òkun máa ń mẹ́nu ba Massimo Vignelli, tó ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York ní 1972. Gbogbo ojú irin ló nà tọ́ọ́rọ́, tàbí kó tẹ̀ ní igun kan náà. Ó rẹwà. Ó sì yé ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ pé ibùdókọ̀ wo ló kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gòkè wá sí títì rí i pé ọgbà ńlá Central Park ti di onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó gùn gbọọrọ ni. Ní 1979 wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Vignelli gbà títí dé òpin pé òun ló tọ̀nà. Ibi tí òun ń wò àti ibi tí àwọn èèyàn dúró sí ni kò bára mu.

Bí mo bá fẹ́ fi ibi tí irú ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láàárín wa han ọmọ iṣẹ́, Ìtòkú ni mo ń mú un lọ, ní Abẹ́òkúta. Kí ó lọ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn tó ṣe èyí tó dára jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Obìnrin á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ọkùnrin á gé páànù pẹlẹbẹ, á tẹ́ ẹ lé aṣọ, á fi ẹ̀kọ gba orí rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró ò ní mu ún. Bí páànù yẹn ṣe ń jẹ́ ni kí ẹ fojú sí. Ẹ kò lè gé òbìrí kan sínú òbìrí mìíràn lára páànù kí ẹ gbà á lásán, torí ti inú á já bọ́. Agé-páànù ní láti fi afárá tín-ín-rín sílẹ̀ tí yóò so ti inú mọ́ ti òde. Agé-páànù tí kò mọṣẹ́, afárá rẹ̀ á dà bí àléébù. Èyí tó mọ̀ ọ́n á sọ afárá di ìrù ẹyẹ, tàbí ìtàkùn ewé, tàbí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ ò ní mọ̀ láéláé pé dandan ló jẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún karùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935, àwọn aláàdìrẹ gbé àwòrán ọba àti olorì wọlé sí aṣọ, wọ́n pè é ní Ọlọ́ba. Wọ́n yí i ká pẹ̀lú ẹyẹ àti ẹranko tiwa, wọ́n sì tún un ṣe ní oríṣiríṣi ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọba náà ti kú. Ara èèyàn tó ń rìn ni wọ́n ń yà á fún. Ibi tí ìró bá ti wé mọ́ ìdí, ibi tí ó ti ṣẹ́po, wọ́n ti rò ó mọ́ ọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wá sílé, sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti Ibafo dé Mowe dé Redemption City tí gbogbo wa ń pè ní Kámpù, pátákó ìpolówó ìpàdé àdúrà ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Èyí ni iṣẹ́ wa. Òun ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa, mi ò ní yínmú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń kó sórí rẹ̀: orí pásítọ̀ mẹ́jọ, ìyàwó wọn, àkòrí, ẹsẹ Bíbélì, olórin àlejò, ọjọ́, àkókò, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, àti iná tó ń jó lẹ́yìn gbogbo wọn. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n yà, ojú márosẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí pátákó yín láti 80 mítà, kò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó pé láti fi kà á, kó tó kọjá. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje lẹ ní, àti ojú ẹyọ kan. Bí mo bá sọ èyí fún oníbàárà, èsì tó máa ń wá ni pé, “Alàgbà, inú àwọn yòókù kò ní dùn bí a ò bá fi wọ́n sí i.” Òótọ́ ni. Olùwòran tí oníbàárà ń rò kì í ṣe awakọ̀ rárá. Àwọn yòókù tó wà lórí pátákó ló ń rò. Wọ́n fẹ́ rí ara wọn. Irú iṣẹ́ kan nìyẹn náà, mo sì ti kọ́ bí èèyàn ti ń ṣe é láìsọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ìwé àwọn olóyìnbó kì í sọ. Márosẹ̀ yìí kì í sá ní gbogbo ìgbà. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí ìpàdé ńlá bá wà ní Kámpù, tàbí nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ á bẹ̀rẹ̀ láti Ibafo, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á wo pátákó kan náà títí yóò fi mọ iye eyín pásítọ̀. Nírú àkókò yẹn, pátákó tó kún dẹ́múdẹ́mú ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé ibi wo gan-an ni wọ́n fẹ́ rì í mọ́. Bó bá jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró, mo lè gbà kí orí mẹ́rin wọlé. Bó bá jẹ́ ibi tí ọ̀nà ti já geere, orí kan ni mo ń jà fún.

Àmì ohùn àti àmì ìdí lẹ́tà tún jẹ́ wàhálà tiwa. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ỌBÁFẸ́MI sórí pátákó, kí ìlà kejì sún mọ́ ọn bí wọ́n ti máa ń ṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì: àmì ìdí Ẹ á gún ohùn òkè tó wà lórí lẹ́tà ìsàlẹ̀, wọ́n á di ọ̀dà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ gbogbo àmì náà kúrò kí ó lè mọ́. Èyí tó yẹ ni kí wọ́n fa ìlà náà jìnnà síra, kí lẹ́tà sì kéré díẹ̀. Fọ́ǹtì tó ti rò ó tẹ́lẹ̀ ló dára jù. Inú mi dùn sí Danfo, fọ́ǹtì tí Ṣèyí Ọlúsànyà àti Ẹyíyẹmí Adégbìtẹ́ ti Afrotype ṣe, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts báyìí. Ara ọkọ̀ akérò Èkó ni wọ́n ti mú un, lára sítíkà tí àwọn tó wà ní gáréèjì fi abẹ gé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀sì, tó ní ìwo àti ìrù ní gbogbo igun. Àwọn agé-sítíkà yẹn ò ka ìwé kankan lórí iṣẹ́ ọnà. Wọ́n mọ̀ ṣá pé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ yóò wà.

Fóònù ti wá da gbogbo rẹ̀ rú. Páálí ínǹṣì méjìlá ti di àwòrán tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ nínú ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, ẹja àbùùbùtán Lemi ò sì lè rí ibi lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ojú ẹnìkan ṣoṣo ni àwọn olórin òde òní ń fi sí i, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ìjọ náà ti wọ WhatsApp. Ohun tí wọ́n máa ń ní kí n ṣe ni kí n ya ẹyọ kan, kí n fi tẹ flẹ́ẹ̀sì tó ga bí ilé alájà kan, kí n sì fi èyí kan náà ránṣẹ́ sí fóònù wọn kí wọ́n lè gbé e sí sítétọ́ọ̀sì. Mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ méjì ni, owó méjì ni mo ń gbà. Wọ́n á kùn, wọ́n á ní ọmọ tó wà ní òdìkejì títì ń ṣe é ní owó kan. Àwọn kan á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù á san, mo sì ń ya méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.